Ẹni Tó Yẹ Kó Kọ́kọ́ Kíni Lórí Rédíò

Ní aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún, òwúrọ̀ Sátidé, Bàbá Olúgbóyèga Akínyẹmí ti jókòó síwájú rédíò rẹ̀, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnnì nílé wọn ní Festac. Ó ti wẹ̀, ó ti gbàdúrà. Ó tan rédíò, iná pupa kékeré tàn lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣùàà.

Kì í ṣe rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn o. Síbí ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á tẹ bọ́tìnnì ara máìkì, á sọ̀rọ̀, á ní "ófà", á jọ̀wọ́ bọ́tìnnì kí ẹnì kejì tó ní irú rẹ̀ lè fèsì. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni méjì bá jọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ẹnì kejì.

Ọdún mẹ́tàdínlógójì sẹ́yìn ni Bàbá ra méjì nínú ẹ̀ ní gbàǹjo tí wọ́n ṣe níbi iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe. Ó gbé ọ̀kan fún Mikail Ọládòṣù, tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Satellite Town. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Adébánjí nígbà náà, mílíìkì ọmọ wọ́n bí ojú, tẹlifóònù àdúgbò sì ń kú ju bó ṣe ń jí lọ. Àárọ̀ tí mílíìkì bá dé, Mikail á pè: "Bọ̀dá Gbóyèga, ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti fi agolo méjì pamọ́ fún Bánjí. Ófà."

Adébánjí já lẹ́nu mílíìkì, ó lọ síléèwé, ó gbéyàwó, ìpè aago méje àràárọ̀ kò dúró. Mikail ló sì máa ń kọ́kọ́ pè, nítorí òun ni àbúrò. Bí àbúrò ò bá kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀gbọ́n ni kó kọ́kọ́ kí àbúrò ni?

Àfi ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn. Sàrátù, àbúrò Mikail lóbìnrin, tú àpótí bàbá wọn tó ti dolóògbé, ó sì rí ìwé tí bàbá náà kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ sí.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú o." Ẹ̀rín ni Mikail ń rín. "Ó jọ pé oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi jù yín lọ. Ófà."

Ẹ̀rín ló yẹ kí Bàbá náà rín. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ìwé inú àpótí?" ló wí. "Mikail, ẹni tó bá fẹ́ di àgbà òjijì, ìwé wo ni kò lè kọ? Ófà."

Ẹ gbọ́ mi o, ìwé òkú ọ̀run ló pè nírọ́ yẹn. Bàbá tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe akọ̀wé ìjọba, tó jẹ́ pé inú fáìlì ni wọ́n ti ń mọ̀ pé ó ju ẹnì kan lọ, òun ló wá ń bá ìwé jà. Mikail kàn ní, "Ó dáa, sà. Ófà." Láti ọjọ́ kejì, kò pè mọ́.

Bàbá mọ̀ pé kì í ṣe pé ó ti lọ. Lọ́pọ̀ òwúrọ̀, bí aago méje bá ti lù, híhó rédíò á dákẹ́ fẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì tó tún yára jọ̀wọ́ rẹ̀. Òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin méjì jókòó ti rédíò méjì, oníkálukú ń retí kí wọ́n kí òun.

"Dádì, ẹ fi fóònù pè wọ́n jàre," ni Adébánjí máa ń wí.

Fóònù kẹ̀? Fóònù tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ gbọnrangandan pé lágbájá ló kọ́kọ́ pè? Lílọ sílé rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá wọlé ló ń kí onílé, ohun tí Bàbá sì ń sá fún gan-an nìyẹn.

Lálẹ́ àná, Adébánjí sọ pé àwọn onísólà ń bọ̀ wá gbé páńẹ̀lì sórí òrùlé láàárọ̀. "Òpó èríàlì síbí yín yẹn gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, Dádì, òjìji rẹ̀ á máa bo páńẹ̀lì. Ta ló tún ń lo síbí láyé ìsinyìí? Wásáàpù wà, ẹ máa rójú ara yín gan-an."

"Bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ láago méje ọ̀la," Bàbá dáhùn, "kí wọ́n tú u."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kò jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n kò lè parí oúnjẹ rẹ̀. Mikail wù ú í bá sọ̀rọ̀, ó sì ń dùn ún. Bí òpó yẹn bá wálẹ̀, kò sí ohun tí yóò tún mú kí àwọn méjèèjì jókòó de ara wọn láàárọ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógójì lọ nìyẹn.

Aago méje lù. Lóde, àwọn onísólà ti ń sọ àkàbà kalẹ̀. Adébánjí wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mú máìkì.

"Ẹni tó juni lọ lè juni nù," ló wí fún ara rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Gbóyèga ni o. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ìwé bàbá yín, ẹ forí jì mí. Ófà."

Ó jọ̀wọ́ bọ́tìnnì. Ohùn Mikail ló bá lórí rédíò, ó ti sọ̀rọ̀ débi ìparí: "...mo ti dá ìwé náà padà fún Sàrátù. Bọ̀dá náà ni mo mọ̀ yín sí. Ẹ káàárọ̀ sà. Ófà."

Wọ́n ti jọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀! Mikail kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí Bàbá sọ.

Ara Bàbá fúyẹ́. Ipò rẹ̀ ti padà bọ̀ sí i lọ́wọ́ láìná kọ́bọ̀. Kó kàn dáhùn pé, "Mikail, káàárọ̀ o," ọ̀rọ̀ bùṣe. Adébánjí nìkan ló gbọ́ "ẹ̀gbọ́n" yẹn, ọmọ tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dití fún bàbá ẹni ni Adébánjí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Bàbá wo bọ́tìnnì náà títí. Ìtìjú wá mú un ju ìgbà tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ. Ọkùnrin yìí ti gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ jù sílẹ̀ nítorí òun, òun sì fẹ́ ṣà á mú.

Ó tẹ bọ́tìnnì. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo ń kí yín nìyí, a jọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni. Òótọ́ ni ìwé bàbá yín. Èmi ni mo ṣì í sọ. Ẹ forí jì mí. Ófà."

Rédíò hó ṣùàà, ó pẹ́. Adébánjí rọra jáde, Bàbá gbọ́ tó ń bẹ àwọn onísólà pé kí wọ́n jẹ́ kí òpó yẹn wà, kí wọ́n lọ wo apá kejì òrùlé.

"Gbóyèga."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, Mikail ò pe orúkọ yẹn ní ṣákálá rí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, bí ti ẹni tó ń sunkún tàbí tó ń rẹ́rìn-ín.

"Gbóyèga, mi ò gbọ́ ẹ dáadáa o. Tún un wí. Ófà."

Bàbá mọ̀ pé ó gbọ́ ọ, gaara báyìí. Síbẹ̀ ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì tún un wí, láti orí "Ẹ káàárọ̀."