Alágbo Tó Mọ Àrùn Kan Ṣoṣo

Ohùn bàbá alágbo kan ní ọjà Òtu ṣì ń rí mi lára. Kéèyàn tó sọ pé òun ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tán, ó ti ń bu àgbo: "Jẹ̀díjẹ̀dí ni! Ṣúgà lẹ lá jù!"

Ọdún tí ṣúgà wọ́n bí ojú ni ìyá mi lọ bá a. Ó ní, "Baba, ta ló rí ṣúgà lá lásìkò yìí?"

"Èyí tí ẹ ti lá látijọ́ ni." Ojú kì í tì í.

Ìyá mi mu àgbo náà títí ó fi gbẹ bí igi. Díẹ̀ ló kù ká sin ín ká tó gbé e dé Ìbàdàn. Dókítà ní egbò ló bo ìfun ńlá rẹ̀, látìdí lọ sókè, kò fo ibì kankan. Ó ní àrùn mìíràn tó jọ ọ́ a máa fo ibì kan mú ibì kan, láti ẹnu dé ìdí, a sì máa jẹ ìfun wọnú. Ṣúgà kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ nínú méjèèjì.

Nígbà tí ara ìyá mi yá, mo lọ ṣàlàyé fún alágbo wa. Ó mirí bí ọ̀mọ̀wé: "Ṣé ẹ rí i? Jẹ̀díjẹ̀dí méjì ló wà."

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àgbo rẹ̀ ti di oríṣi méjì. Inú ìkòkò kan náà ló ti ń bù wọ́n.