Bakitéríà Tó Sọ Ohun Ìjà Rẹ̀ Nù

Lọ́dún tí kòkòrò ajàgbàdo kọ́kọ́ ya wọ àwọn oko Àtàn-Ọ̀tà, ìyá Fẹ́yìsetán Sàlàkọ́ fọ́n oògùn olóró sí àgbàdo rẹ̀ láìbo ojú. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kò lè lajú. Fẹ́yìsetán ló ń fà á lọ́wọ́ kiri inú ilé.

Nígbà náà, èmi àti Fẹ́yìsetán jọ ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì kan nítòsí Ìyànà Ìyẹsí. Ó ti kà nípa bakitéríà kan tó ń gbé inú ilẹ̀, tó ń ṣe èròjà tó ń dá ihò sínú ìfun irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, tí kì í sì í pa ènìyàn lára. Ó bu erùpẹ̀ oko ìyá rẹ̀ wá, ó wá bakitéríà náà títí ó fi rí i. Ó fi í ra ewé àgbàdo fún àwọn kòkòrò tó kó sínú ike. Gbogbo wọn ló kú. Ariwo tá a pa lọ́jọ́ náà kò kéré!

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, bakitéríà kan náà kò pa nǹkan kan mọ́. Kòkòrò ń jẹ ewé, wọ́n tún ń sanra sí i.

Ọ̀gá wa, Dókítà Ọláníyan, ní, “Fẹ́yìsetán, bóyá a ṣì í ṣe níjọ́sí ni. Wá iṣẹ́ mìíràn mú.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i.”

Ó jáde lọ sunkún lẹ́yìn ilé ìwádìí. Nígbà tó dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fojú sí maikirosíkóòpù, kò sì tètè gbé e kúrò.

“Wá wò ó,” ló wí fún mi. “Ṣé o rántí hóró bíi dáyámọ́ńdì tó máa ń wà lára wọn? Kò sí mọ́. Bakitéríà wà ńbẹ̀, ohun ìjà rẹ̀ ni kò sí.”

Jíìnì tó ń ṣe èròjà apakòkòrò yẹn kì í gbé àárín àwọn jíìnì yòókù. Inú òrùka jíìnì kékeré kan ló wà, tí bakitéríà ń gbé kiri bí ẹrù. Lọ́dọ̀ wa, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ló ń jẹ, kò rí kòkòrò bá jà. Iná tún ń lọ, ooru ń mú, ooru sì máa ń jẹ́ kó sọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nù. Bá a ṣe ń tún un gbìn léraléra, àwọn tó ti sọ ẹrù kalẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Fẹ́yìsetán yẹ jíìnì wọn wò: òrùka náà ti lọ.

Ó padà sí Àtàn, ó tún bu erùpẹ̀. Nígbà tó rí òmíràn, ó gbẹ ẹ́ pa mọ́ kíákíá, kò jẹ́ kí wọ́n máa gbìn ín ní àgbìntúngbìn. Dókítà Ọláníyan fúnra rẹ̀ bá a gbé ẹ̀rọ ìfọ́noògùn kọ́ ẹ̀yìn lọ sóko ìyá Fẹ́yìsetán.

“Orúkọ rẹ ló máa ṣíwájú tèmi nínú ìwé tá a máa kọ,” ni ọ̀gá wí.

Àgbàdo náà yè. Nígbà táwọn àgbẹ̀ àdúgbò gbọ́, wọ́n ya bo Fẹ́yìsetán lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ó sọ òótọ́ fún wọn: àfi kí wọ́n tètè fọ́n ọn nígbà tí kòkòrò ṣì kéré, òjò sì lè fọ̀ ọ́ dànù. Àwọn kan binú lọ. Ó jókòó ti àwọn tó dúró, ó ń fi bí wọ́n ṣe máa pò ó hàn wọ́n.