Bàtà Alápatà Nínú Ilé Ẹlẹ́dẹ̀

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, torí láti ìgbà ọmọge ló ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Alápatà ni ọkọ rẹ̀. Ohun tí ìyàwó bá tọ́ dàgbà ni ọkọ ń pa. Òfin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn: bàtà tí ọkọ ń wọ̀ pa ẹran kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí abo ẹlẹ́dẹ̀ tí ìyàwó fẹ́ràn jù bímọ fún ìgbà àkọ́kọ́, òjò ń rọ̀. Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́ igbe àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò tó kọ́kọ́ rí, ó sáré wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀. Bàtà ọkọ rẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ àná ṣì wà lára rẹ̀.

Abo ẹlẹ́dẹ̀ gbóòórùn ẹ̀jẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fò dìde, ó tẹ ọmọ kan pa, ó gbé òmíràn sẹ́nu, ó sì fọ́ orí rẹ̀ bí ẹní ń fọ́ ẹ̀pà. Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ nawọ́ láti kó àwọn tó kù. Ni abo ẹlẹ́dẹ̀ náà bá gé e jẹ ní itan, ó sì gbé e lu ògiri.

Ọkọ rẹ̀ sáré dé láìwọ bàtà, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó wọ́ ìyàwó rẹ̀ jáde.

“Ẹran tó bá jẹ ọmọ ẹ̀, ìkòkò ló kàn. Mo ń pa á báyìí.”

“Bàbá wọn, ẹ wo ẹsẹ̀ mi ná.”

Ó wò ó. Ó mọ bàtà rẹ̀.

“Èmi ni mo gbé ikú wọ ilé ọlọ́mọ,” ni ìyàwó wí. “Bí àwọn tó kù ò bá mu wàrà àkọ́kọ́ ìyá wọn, àìsàn á kó gbogbo wọn lọ. Tí ẹ bá pa ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa fún wọn lọ́mú?”

Ó bọ́ bàtà náà, ó fi gèlè di itan, ó fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀, ó sì rákòrò wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ padà. Abo ẹlẹ́dẹ̀ ń payín keke. Obìnrin náà gbé ọmọ kan sí i lọ́mú. Ẹranko náà gbé ẹnu lé ọrùn obìnrin náà, ó gbóòórùn rẹ̀ títí, ó sì dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú.

Nígbà tó jáde, ọkọ rẹ̀ wà nínú òjò, ó ń fi ọ̀bẹ gé bàtà náà wẹ́wẹ́.