Kí Ojú Bàbá Tó Là

Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ojú fún bàbá mi, ìyá mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ihunbo. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń tún awọ ojú ṣe. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ti gbọ́ nípa léésà, ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí awọ, níbi iṣẹ́ mi ní Ìlaròó. Ṣùgbọ́n ìyá mi, tí kì í kun ju òrí lọ?

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màmá?"

"Ó ti pẹ́ tí bàbá yín ti rí ojú mi gbẹ̀yìn. Èyí tó mọ̀ kọ́ nìyí mọ́."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ojú bàbá mi ti ń ṣú ni ìyá mi ti ń dá ro oko ẹ̀gẹ́ wọn. Oòrùn ti sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ di dúdú káàkiri, awọ ẹ̀bá ojú rẹ̀ sì ti hunjọ.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara kan ní Abẹ́òkúta. Obìnrin náà ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ léésà kì í bó awọ. Abẹ́ rẹ̀ ló ń gbà lọ, tó ń mú un gbóná kí ó lè tún ara rẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀.

"Kò ní pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ o, Màmá. Bí a bá sì kù gìrì sí awọ dúdú, ó lè dá àpá sí i. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò lẹ́bàá etí."

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ojú gan-an, wọ́n fi awò dúdú bò ó lójú. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ó ń ta òun bí ìgbà tí epo gbígbóná bá ta síni lára.

Wọ́n ní kó sá fún oòrùn, wọ́n fún un ní ìpara. Àbúrò mi gba oko ṣe. Bàbá mi ò mọ nǹkan kan, àfi ìgbà tó béèrè pé, "Kí ló ń ta sánsán lára rẹ báyìí?"

Ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú bàbá mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fa gèlè bo iwájú orí. Bàbá wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá yín dà?"

Ìyá mi rọra wọlé. Bàbá wò ó pẹ́, ó na ọwọ́ sí ẹ̀bá ojú rẹ̀.

"Oòrùn tó yẹ kó pa mí, ìwọ lo gbà á."

Omi bọ́ lójú bàbá mi. Ìyá mi náà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn.

"Ó ti dín kù o! Ká ní ẹ rí i tẹ́lẹ̀ ni."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀rù ba bàbá mi. "Iná? Lójú? Nítorí tèmi? Má lọ mọ́."

"Màá lọ," ìyá mi dáhùn. "Mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ti ara mi ni mo ń ṣe báyìí."

Nígbà tí a tún ń lọ sí Abẹ́òkúta, bàbá mi bá wa lọ. Ó jókòó ti ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀, ó ń ka gbogbo pátákó ẹ̀bá ọ̀nà sí i létí.