Kọ́bọ̀ Oníhò Lábẹ́ Igi Irú

Wọ́n rán bàbá mi ní iyọ̀ ní ọjà Ìgbòho nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Kọ́bọ̀ oníhò là ń ná nígbà náà, ìyá wọn sì fi okùn sín in mọ́ wọn nídìí kó má baà sọ nù. Bàbá rí òkété lábẹ́ igi irú lójú ọ̀nà oko, wọ́n gbá tẹ̀ lé e, okùn já.

Nígbà tí wọ́n délé lọ́wọ́ òfo, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní kúlíkúlí ni wọ́n fi owó náà jẹ. Ìyá wọn nà wọ́n bí ẹni máa kú. Títí di òní, bí ìyàwó tuntun bá wọlé wa, ẹ̀gbọ́n á ní kó ṣọ́ àpò rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Bàbá kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, inú á sì máa bí mi.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi tó ń wa kùsà ní Ṣakí yá mi ní ẹ̀rọ tó máa ń ké bó bá gbóòórùn irin nínú ilẹ̀, ìdí igi irú yẹn ni mo gbà lọ. Bàbá tẹ̀ lé mi. Wọ́n ní iṣu làwọn fẹ́ lọ wò. Irọ́ ni.

Ẹ̀rọ kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ké, mo hú ìdérí ìgò mínírà. Ó tún ké, mo hú ọkọ́ tó ti dípẹtà. Òógùn bò mí, díẹ̀ ló kù kí n jù ú sáàárín ebè.

Bàbá ní, “Rọra. Ọwọ́ òsì ni òkété yẹn sá gbà.”

Mo yà sósì. Háà! Ẹ̀rọ náà pariwo débi pé mo fò sẹ́yìn. Mo walẹ̀, mo fọwọ́ họ ọ́. Kọ́bọ̀ ni, kì í sì í ṣe ẹyọ kan! Wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, ihò wọn tò tẹ̀ léra gẹ́gẹ́ bí okùn ṣe tò wọ́n. Mo kígbe, mo dì mọ́ bàbá mi.

“Ọ̀kadà dà?” ni Bàbá ń wí. “Wá ọ̀kadà fún mi!”

A bá ẹ̀gbọ́n níwájú ilé wọn. Bàbá ò tiẹ̀ kí wọn, wọ́n kàn kó kọ́bọ̀ lé wọn lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kúlíkúlí nìyí?”

Ẹ̀gbọ́n ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n fi ìka wá ihò náà. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀. Ni wọ́n bá pe gbogbo ilé jáde, tìyàwó tọmọ.

“Ẹ gbọ́ o! Àbúrò mi ò jẹ owó ìyá wa. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn.”

Bàbá, tó ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti oko, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún.