Ẹkún Tí Mo Bá Ìyàwó Kọ

Mo ti ń pe ara mi ní òǹkọ̀wé kí ẹnikẹ́ni tó bá mi pè é. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí n'Ísẹ́yìn nígbà náà, lásìkò tí ìjọba ológun sọ pé ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, tí àwọn ọmọ ya wọ kíláàsì bí ewúrẹ́ tó rí ọgbà ẹ̀gẹ́ tí wọn kò sé. Mo máa ń kọ eré fún wọn ní ìparí ọdún, mo sì ń fi ìtàn ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan n'Íbàdàn tí kò fìgbà kankan dá mi lóhùn. Inú bí mi sí wọn títí. Bí mo bá ń ráhùn nílé, ìyá mi á ní ṣé mo ti fọ ìkòkò.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ gidi fún mi. Agboolé kan náà la dàgbà sí, ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, àgbẹ̀ tábà ni. Ó ti fi ọmọ náà fún ọkùnrin kan tí ń ta páàtì mọ́tò ní Ṣakí. Ọkùnrin náà kò burú, ó tilẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín ju bó ti yẹ lọ. Ohun tó burú ni pé lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì sí Jímọ̀, lẹ́tà dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà pé wọ́n ti gba ọmọ náà, kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé Jímọ̀ yẹn gan-an. Ó gbé lẹ́tà náà fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tì í bọ abẹ́ ẹní, ó ní ta ni yóò lọ sọ ọ́ fún Bàbá.

Ọmọbìnrin kan kì í dúró níwájú bàbá rẹ̀ nílé wa kó ní òun kò fẹ́. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbà á láyè kó sọ tinú rẹ̀ jáde, ìyẹn nínú ẹkún ìyàwó. Bí yìgì bá ku ọjọ́ mélòó kan, ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa lọ láti ilé mọ̀lẹ́bí kan dé òmíràn. Á máa fi ohùn arò dágbére, á dúpẹ́, á tọrọ àdúrà, á sì bú ẹni tó bá wù ú kó bú, kò sẹ́ni tí yóò mú un. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni ọmọ yìí fi gbé nílé-ìwé gírámà, kò mọ ẹkún ìyàwó ju bí mo ṣe mọ ọkọ̀ wà lọ. Ló bá wá bá mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kọ ẹkún tí Bàbá máa fi mọ̀ pé mi ò lọ."

Orí mi wú. Mo ra ìwé tuntun, a sì lọ jókòó sínú abà tí wọ́n ń gbẹ ewé tábà sí kí ẹnikẹ́ni má baà rí wa. Bí mo ti ń kọ la ń wúkọ́. Mo kọ báyìí:

*Bàbá mi, àgbẹ̀ tí ń so tábà kọ́,*
*Ewé tí ẹ já ní tútù,*
*Ṣé ẹ bi í léèrè bóyá ó ti gbó?*

Nígbà tí mo kà á tán, èmi fúnra mi sunkún. Ó dá mi lójú pé kò sí bàbá tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ilé ìyá rẹ̀ la kọ́kọ́ lọ lọ́jọ́ Túsìdeè. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ohùn, mo sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ kí n lè máa rán an létí. Àwọn ìyá arúgbó di ojú. Nígbà tó dé ibi ewé tábà, ọ̀kan ní láti ìgbà tí òun ti ṣe ìyàwó, òun kò gbọ́ irú rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó ti ní òun kò lọ, igbe ẹkún ni wọ́n fi dá a lóhùn, wọ́n sì gbé abọ́ tánńganran kan fún un. A dé ilé kejì, ó tún ní òun kò lọ, wọ́n tún gbé abọ́ kan fún un. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, abọ́ ni tiwa ń yọ. Nígbà tí oòrùn yóò fi wọ̀, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló ti sọ pé òun kò ní í re ilé ọkọ, abọ́ mọ́kànlá tí yóò gbé re ilé ọkọ sì wà lórí àwa àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Mo dá ara mi lẹ́bi. Mo ní ọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù. Mo yọ ewé tábà kúrò, mo yọ gbogbo òwe, mo kọ ọ́ láìfepo bọyọ̀:

*Mi ò lọ Ṣakí o.*
*Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mò ń lọ.*

Èyí ló wá burú jù. Ó rọrùn láti gbè. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ sí i lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, kí ó sì tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ tó ń da ewúrẹ́ ti ń kọ ọ́ lójú títì. Bàbá ìyàwó mìíràn ládùúgbò wá bá mi pé kí n kọ tirẹ̀ fún ọmọ òun, èyí tó ní "mi ò lọ" nínú ni òun fẹ́. Mo bi í bóyá ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ lọ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọmọ òun ti di ẹrù láti oṣù tó kọjá.

Ọkọ ìyàwó alára wá láti Ṣakí lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú rédíò kásẹ́ẹ̀tì ńlá kan. Ó jókòó sẹ́bàá ògiri, ó tẹ bọ́tìnnì, ó gba gbogbo ẹkún náà sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, dírẹ́bà kan tó ti Ṣakí bọ̀ sọ fún wa pé ọkọ ìyàwó ń lu kásẹ́ẹ̀tì náà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn èèyàn sì pé lé e lórí. Ó ní ó máa ń na ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́, á ní kí wọ́n gbọ́ ibi tí ìyàwó òun ti ní òun kò lọ. Ìyá ọkọ náà fi iṣẹ́ rán dírẹ́bà yìí. Ó ní kí ìyàwó jọ̀ọ́ má jẹ́ kí ohùn tán lọ́fun rẹ̀ o, kó lè sọ "mi ò lọ" lẹ́nu ọ̀nà àwọn náà, nítorí àwọn ará ilé kò tíì gbọ́ ọ.

Ìyàwó yíjú sí mi nígbà tí dírẹ́bà lọ tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé yín ti dára jù." Ojú tì mí. Inú mi sì dùn pẹ̀lú, mi ò ní purọ́, mo sì kórìíra ara mi fún un.

Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè yẹn ló kan iwájú Bàbá. Àwọn obìnrin ilé ọkọ ti dé láti wá kó ẹrù, wọ́n dúró níta pẹ̀lú òṣùká lórí. Bàbá jókòó lórí ẹní, ó ti ń fi etí agbádá nu ojú kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ìyá àgbà tó dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó agboolé wa jókòó tì í. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ṣí ìwé mi, ó wò ó, ó pa á dé, ó gbé e sílẹ̀. Ohùn tí ènìyàn fi ń tọrọ iyọ̀ ló fi sọ̀rọ̀.

"Bàbá, kì í ṣe ẹkún ìyàwó ni mò ń sun o. Ọ̀rọ̀ ni mò ń bá yín sọ. Mi ò fẹ́ lọ sílé ọkọ báyìí. Lẹ́tà mi ti dé, ilé-ìwé ni mo fẹ́ lọ."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbè é, "Mi ò lọ o," ó rí i pé òun nìkan ni, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá yíjú sí ìyá àgbà.

Ó ní, "Kí ló dé tí kò fi ohùn sí i?"

Ìyá àgbà la ojú. Obìnrin yìí ló ti ń di ojú láti ọjọ́ Túsìdeè, tó ń mi orí sí gbogbo ohun tí mo kọ.

"Ọkọ mi," ó ní, "èmi náà sọ pé mi ò fẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú mi bọ̀ nílé yìí. Mo fi ohùn sí i. Gbogbo ìlú ló ní ẹkún mi dùn."

Àwọn obìnrin ilé ọkọ ń béèrè níta bóyá ẹkún ti tán. Bàbá ní kí wọ́n gbé lẹ́tà náà wá. Ìyá ọmọ lọ ká ẹní sókè, ó mú un wá. Bàbá gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tí kò mọ ìwé, ó nà án sí mi.

"Kà á fún mi," ó ní. "Má fi ohùn sí i."

Mo ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ń túmọ̀ rẹ̀. N ò rí ìwé tí kò ládùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Wọ́n ti gbà á. Kó dé kí aago méjì ọ̀sán tó lù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì méjì, ṣíbí kan, àti àdá kan fún oko ilé-ìwé. Bàbá ní kí n tún ìparí rẹ̀ kà, mo tún un kà. Ó wo ọmọ tó ṣì kúnlẹ̀.

Ó ní, "Àdá wà nílé."