Orúkọ Mi Lẹ́nu Mojísọ́lá

Mojísọ́lá ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ, nítorí orúkọ tèmi ló fi ṣeré nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè máa rò pé arúgbó ti ń ṣarán. Lóòótọ́ ni mo ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Orí mi pé. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́, èmi àti Mojísọ́lá jọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìrànwú kan ní Ìkẹjà. Ẹ̀rọ wa kì í sinmi. Bí òwú bá já, a óò fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e so ó pọ̀, kíákíá, kí ẹ̀rọ tó fà á lọ.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. O kò gbọ́dọ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ láìjẹ́ pé o pe orúkọ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀gá yóò kọ orúkọ náà sínú ìwé. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí wọ́n pè ló ni ẹ̀rọ náà, títí ẹni tó pè é yóò fi padà dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mojísọ́lá pe orúkọ mi, ó sì gba ilé lọ. Kò bi mí. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń sáré láti ìdí ẹ̀rọ tèmi lọ sí tirẹ̀, láti tirẹ̀ padà sí tèmi. Nígbà tó yá, òwú wé mọ́ irin ẹ̀rọ tirẹ̀, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹ̀rọ bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣí ìwé. Orúkọ mi ni wọ́n bá níbẹ̀. Mojísọ́lá dúró níwájú ọ̀gá, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Ó gbà á lọ́wọ́ mi, sà. Òun ló ní kí n máa lọ."

Wọ́n lé mi. Lọ́dún yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ fẹ́ rán ọ̀kan nínú àwa méjèèjì lọ kọ́ iṣẹ́ sí i lókè òkun. Ẹ ti mọ ẹni tó lọ. Ó padà dé, ó di ọ̀gá, ó kọ́lé sí Oko Ọba. Mo gbọ́ pé ó máa ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì nípa bí Ọlọ́run ṣe gbé e ga. Ibẹ̀ nìkan ni kò ti pe orúkọ mi.

Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé ó kú, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó kọjá, ìrẹsì ni mo ń ṣà lọ́wọ́. Mo ń ṣà á lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àárẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ń sùn, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ń jí. N kì í lálàá, n kì í sì í dìde lóru. Síbẹ̀, bí mo bá jí, ojú mi á wúwo bí ẹni pé wọ́n da yanrìn sí i, ẹsẹ̀ mi á wú, ìka mi á máa ro mí. Etí ibùsùn ni mo máa ń jókòó sí títí oòrùn á fi wọlé, kí n tó lè ró ìró. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe mí, ó ní kí n sáà máa sùn dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bùsáyọ̀, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, wá sùn tì mí ní Onígbòǹgbò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ògì gbígbóná fún mi, ó ń wò mí.

"Mọ́mì, ẹ sùn o. Ẹ tiẹ̀ ń hanrun. Èmi ni mi ò sùn."

"Kí ló wá dé tó ń rẹ̀ mí?"

"Mi ò mọ̀. Ọwọ́ yín nìkan ló ń ṣe báyìí ṣáá."

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó pa àtàǹpàkò mọ́ ìka tó tẹ̀ lé e, ó yí i, ó fà á. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe.

Ife bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò fi bí a ṣe ń so òwú han ọmọ náà rí.

Bó ti ń nu ilẹ̀, ó ní, "Ká ní ó ṣeé ṣe ni, ǹ bá gba àárẹ̀ yìí lọ́wọ́ yín."

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

Mo sọ ọ́ kíkankíkan débi pé ó gbójú sókè wò mí.

Lọ́jọ́ náà ni mo wọkọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ wa àtijọ́. Táìlì ni wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀ báyìí. Mo sọ fún ọlọ́dẹ pé mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ó sì ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ rọra o, Màmá. Kò sí ẹnì kankan nínú ibẹ̀."

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, oòrùn ń gba ojú páànù tó ti lu wọlé. Mo rìn láàárín àwọn páálí títí mo fi dé ibi tí ẹ̀rọ Mojísọ́lá wà nígbà kan. Mo dúró. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń gbọ̀n nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Mo gbóòórùn epo ẹ̀rọ. Mo wo ọwọ́ mi, ìka mi ti ń so òwú.

Mojísọ́lá jókòó lórí páálí kan, ó wọ aṣọ iṣẹ́ wa aláwọ̀ ewé. Ó ti darúgbó bíi tèmi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí ojú ẹni tó sùn tẹ́rùn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

"Tíṣà," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bó ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn, nítorí pé mo máa ń kàwé nígbà tí àwọn yòókù bá ń jẹun. "O ti gbó."

"Ìwọ ti kú."

"Mo ti kú. Ẹ̀rọ wà lọ́hùn-ún náà. Wọn ò sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì."

N kò rẹ́rìn-ín.

"Ó rẹ̀ mí, Tíṣà. Wọ́n ní kí n pe orúkọ ẹnì kan. Tìrẹ ló wá sí mi lẹ́nu."

Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún obìnrin yìí sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, omijé ló jáde.

"Kí ló dé tó jẹ́ èmi náà ni?"

"Ta ni kí n pè? Ẹlòmíràn ì bá ti sá. Ìwọ lo dúró lọ́jọ́ yẹn."

"Ìgbà wo lo máa padà wá gbà á?"

Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Mo ti lé Bùsáyọ̀ padà sí ilé rẹ̀ ní Ìlúpéjú. Ọ̀rọ̀ burúkú ni mo fi lé e, kó má bàa padà wá sùn tì mí. Ó rò pé mo kórìíra òun. Láràárọ̀, mo ń ṣa òwú funfun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kúrò nínú irun mi. Kí n tó la ojú tán, mo máa ń gbọ́ tí ẹnì kan ń ṣí ìwé, tó sì ń dúró dè mí kí n sọ̀rọ̀. Mo máa ń pa ẹnu mọ́. N kò mọ iye àárọ̀ tí agbára mi tún lè gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹnikẹ́ni bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sí yín lọ́wọ́, ẹ béèrè ìgbà tó máa padà dé. Bí ẹ bá sì fẹ́ràn ẹni tí àárẹ̀ mú, ẹ fún un ní omi, ẹ bá a fọwọ́ ra ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ọ́ síta láé pé ẹ óò gba àárẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí kí Mojísọ́lá tó pòórá láàárín àwọn páálí náà, ó sún mọ́ mi, ó sì sọ ọ́ sí mi létí:

"Pe orúkọ ẹlòmíràn, Tíṣà, kó o lè sinmi. Mo gbọ́ nígbà tí ọmọ rẹ ní òun á gbà á."